Tíṣà Yóógà Tí Ọkàn Rẹ̀ Kò Balẹ̀

Àwọn mẹ́ta ló ń kọ́ni ní yóógà ní ilé ìdárayá kan. Àwòrán wọn wà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ìtàn bí kálukú ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà. Èkíní jẹ́ nọ́ọ̀sì tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì. Ìrọ̀rí àti àga ló fi ń kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè tẹ̀ ba, á jókòó ṣe tirẹ̀. Èkejì jẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ nídìí eré. Ẹ̀fẹ̀ ló fi ń kọ́ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọn ò fi ní mọ̀ pé àwọn ti làágùn.

Ẹ̀kẹta ni obìnrin tí ìtàn yìí dá lé. Tíṣà Nàró ni wọ́n ń pè é, nítorí "Ẹ nàró!" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ pé ó fi ọdún méje kọ́ṣẹ́ lókè òkun. Irọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi kọ́ ọ. Ìyókù, inú fóònù ló ti wò ó.

Inú ń bí i lójoojúmọ́. Yàrá Nọ́ọ̀sì ń kún dẹ́nu, ti Agbábọ́ọ̀lù náà ń kún, ṣùgbọ́n ẹní mẹ́fà péré ni wọ́n ń tẹ́ nínú tirẹ̀. Á ní kí wọ́n mí sínú, kí wọ́n mí síta, kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ọkàn tirẹ̀ á sì máa hó bí omi orí iná.

"Kí ni wọ́n ń ṣe tí mi ò lè ṣe?" ló máa ń sọ. "Èmi tí mo lè ká ara mi bí ẹní! Ìyá arúgbó tí kò lè gbẹ́sẹ̀ sókè ni wọ́n ń wọ́ tọ̀."

Nọ́ọ̀sì kì í bá a jà. Ó kàn sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Àbúrò mi, máa rọra ti àwọn èèyàn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́." Tíṣà Nàró yínmú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, télọ̀ kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún wá sí kíláàsì rẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ti tẹ ẹ̀yìn bàbá náà ba. Tíṣà ní kí gbogbo wọn nasẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọwọ́ Bàbá Télọ̀ ò kọjá orúnkún.

"Ẹ tẹ̀ sí i, Bàbá."

"Ibi tí agbára mi mọ nìyí, ọmọ mi."

"Ọ̀lẹ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé bàbá lẹ́yìn, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

"Ó tó o! Tíṣà, ó tó!"

Ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Nǹkan kan dún bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́. Bàbá Télọ̀ ké lẹ́ẹ̀kan, kò sì lè dìde mọ́. Nọ́ọ̀sì ló sáré wọlé láti yàrá kejì, tó bá wọn gbé e dé ilé ìwòsàn.

Dókítà ní eegun ẹ̀yìn bàbá kan ti ṣẹ́, pé ó máa tó oṣù mẹ́rin kó tó lè jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ọ̀gá tó ni ilé ìdárayá sì ní kí Tíṣà Nàró mú ìwé ẹ̀rí ọdún méje wá lọ́jọ́ kejì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a.

Ó délé, ó tẹ́ ẹní, ó dijú, ó ń mí sínú, ó ń mí síta. Igbe bàbá náà ló ń gbọ́. Ó tún ìjókòó ṣe. Igbe náà ló tún gbọ́. Ó fi ìbínú ká ẹní, ó jù ú lu ògiri, ó bú sẹ́kún. Bí Nọ́ọ̀sì ṣe bá a nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Bàbá yẹn ló jẹ̀bi!" ló fi pàdé rẹ̀. "Kí ló dé tí kò sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun?"

"Ó sọ pé ó tó. Mo gbọ́ ọ láti yàrá kejì."

Tíṣà Nàró fọwọ́ nu omijé ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò dé òkè òkun rí."

"Mo fura."

"Ẹ fura, ẹ ò sì sọ?"

"Ó yẹ kí n ti sọ, ó sì ń dùn mí. Èmi náà parọ́ rí. Mo sùn lẹ́nu iṣẹ́, mo wá yí ìwé obìnrin aláìsàn kan padà kí wọ́n má bàa mọ̀. Díẹ̀ ló kù kí obìnrin náà kú. Ọdún mẹ́ta ni mi ò lè wo ojú ara mi nínú dígí, àfìgbà tí mo gbé ẹ̀ṣẹ̀ náà tọ Jésù lọ." Ó fà á mọ́ra. "Eré tí à ń ṣe yìí lè na ẹ̀yìn, àbúrò mi. Kò lè wẹ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè ṣe é."

"Mo ti sa gbogbo ipá mi láti tún ara mi ṣe. Ó ti sú mi!"

"Jẹ́ kó sú ẹ. Ibẹ̀ gan-an ni Jésù ti ń dúró dè ẹ́."

Tíṣà Nàró kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán. "Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Mo ṣe bàbá oníbàbá léṣe. Ṣàánú mi." Kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ó mọ̀ pé òun kò ní nǹkan tí òun ń fi pa mọ́ fún Ọlọ́run mọ́, ó sì mí kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá ọ̀gá lọ́wọ́ òfìfo, ó sọ òtítọ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ó gba ilé ìwòsàn lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ẹkún tọrọ àforíjì. Bàbá Télọ̀ kọjú sí ògiri.

"Ṣé ẹkún rẹ ló máa bá mi rán aṣọ?"

Tíṣà Nàró dìde, ó lọ. Síbẹ̀, ó ń padà wá, ó ní Jésù ni kò jẹ́ kí òun sá, bàbá á sì máa bú u. Ó kó aṣọ àwọn oníbàárà bàbá lọ fún télọ̀ mìíràn, ó gba èébú wọn lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn inú á bí i, á fẹ́ fèsì. Á sá lọ gbàdúrà. Ní ọ̀sẹ̀ keje, Bàbá Télọ̀ wò ó títí.

"Èébú ti tán lẹ́nu mi. Jókòó. Ta ni Jésù tí kò jẹ́ kí n sinmi lọ́wọ́ rẹ yìí?"

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá o kò ṣẹ́ ẹnikẹ́ni léegun rí. Ṣùgbọ́n irọ́ wo lo ń gbé kiri? Ta ló kígbe pé ó tó, tí o di etí rẹ? O ti gbìyànjú láti tún ara rẹ ṣe, o mọ ibi tó já sí. Jésù mọ irọ́ náà látìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó kú nítorí rẹ. Má ṣe fi dọ̀la. Ta ló bá ọ̀la mulẹ̀? Níbi tí o wà yẹn, fẹnu ara rẹ sọ òtítọ́ fún un, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó gbà ọ́. Kò ní kọjú sí ògiri.