Gadiẹ́n Tí Bàbá Mùtíátù Kọ̀

"Bọ̀dá Ṣùháíbù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta gadiẹ́n yẹn fún ẹlòmíì. Èmi ni mo fẹ́ ẹ!"

Bí Mùtíátù ṣe pariwo ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu géètì sítádì Parakou nìyẹn, lọ́jọ́ kan tí eruku ọyẹ́ bo gbogbo ìlú. Ṣùháíbù máa ń ya àwọn agbábọ́ọ̀lù, á lẹ fótó wọn mọ́ páálí pélébé, á sì máa tà á fáwọn ọmọdé tó ń kó o jọ. Mùtíátù kì í ṣe ọmọdé mọ́, ó ti tó ilé ọkọ í lọ. Síbẹ̀, bí fótó gadiẹ́n bá ti jáde, ìyẹn ọkùnrin gíga tó ń ṣọ́ ojú ilé fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú, ó gbọ́dọ̀ rà á.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣùháíbù, o gbọ́? Ó ní òun fẹ́ mi."

Mùtíátù yíjú padà. Tàjùdíìnì, gadiẹ́n fúnra rẹ̀, ló dúró níbẹ̀, ó so bàtà bọ́ọ̀lù kọ́ ọrùn, orúnkún rẹ̀ ti bó.

"Fótó ni mo ní mo fẹ́," ni Mùtíátù dáhùn, ojú ń tì í. "Ta ló ń bá yín sọ̀rọ̀?"

"Fótó ò lè sìn ẹ́ délé. Èmi lè sìn ẹ́."

"Ẹ lọ fọ ẹsẹ̀ yín ná."

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìfẹ́ wọ Mùtíátù lára bí omi tútù lásìkò ìṣínu. Tàjùdíìnì á wá sí ìsọ̀ aṣọ ìyá Mùtíátù ní ọjà Arzèkè, á máa fọwọ́ pa áńkárá, kò ní ra nǹkan kan. Bí ìyá bá ti yíjú, á rọra pè é ní "Àbẹ̀kẹ́ mi." Ìyá náà sì mọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, látàárọ̀ lo ti ń yẹ aṣọ obìnrin wò. Ṣé o fẹ́ ró ìró ni?"

Nígbà tó yá, Tàjùdíìnì rán àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ ọmọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá Mùtíátù ti wá, Faransé tí wọ́n ń sọ ní Parakou kò sì yé e ju ìwọ̀n tó fi ń tajà lọ. Ó béèrè iṣẹ́ ọmọkùnrin náà. Wọ́n ní gadiẹ́n ni. Gadiẹ́n kan ṣoṣo tí bàbá mọ̀ ni èyí tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà báńkì, tó ń tòògbé pẹ̀lú kùmọ̀ lọ́wọ́.

"Èmi ò lè fọmọ mi fún mẹ́gádì."

"Bàbá, gadiẹ́n bọ́ọ̀lù ni," ni Mùtíátù sọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

"Ṣé bọ́ọ̀lù náà ń sùn ni, tí wọ́n fi ní kí ẹnìkan máa ṣọ́ ọ?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mùtíátù sunkún. Bàbá ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọmọkùnrin náà mọ́ nínú ilé. Tàjùdíìnì gba Kútọ̀nú lọ, ó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Wọ́n fi Mùtíátù fún Mùnírù, oníṣòwò aṣọ.

Mùnírù jẹ́ ọkọ gidi. Lọ́jọ́ tó rí àwọn fótó náà nísàlẹ̀ àpótí ìyàwó rẹ̀, ó rò pé bọ́ọ̀lù ló fẹ́ràn. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" ló wí. Láti ìgbà náà, bó bá lọ ra ọjà ní Kútọ̀nú, á bá a mú fótó gadiẹ́n náà bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Mùtíátù ṣe ń rí ayé Tàjùdíìnì láti ọ̀nà jíjìn. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, ẹ̀wù tóbi jù ú. Nínú òmíràn, ó fò sókè, bọ́ọ̀lù lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀. Ó wá di kapitéènì, ó so aṣọ mọ́ apá. Lẹ́yìn náà ni èyí tó burú: bọ́ọ̀lù gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé, ó dojú bolẹ̀. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, irun iwájú ti ń lọ. Fótó tán. Gbogbo ìgbà èwe ọkùnrin kan, kò kún agolo mílíìkì.

Mùnírù kú. Awwal ọmọ wọn gba ìsọ̀ aṣọ rẹ̀, Mùtíátù sì ń jókòó tì í. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin arúgbó kan wọlé, ó ń fọwọ́ pa áńkárá.

Mùtíátù wo ọwọ́ náà. "Ṣé ẹ fẹ́ ró ìró ni?"

"Àbẹ̀kẹ́! O ṣì wà?"

"Mo wà. Irun yín dà?"

"Mo fi sílẹ̀ ní Kútọ̀nú."

Ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú. Ó ti padà wá sí Albarika, àdúgbò kan ní Parakou, ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò bí wọ́n ṣe ń mú bọ́ọ̀lù. Kò pẹ́ tó fi ní òun fẹ́ kí àwọn jọ gbé. Mùtíátù náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ ẹ dọ́kàn. Àmọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, Awwal ọmọ rẹ̀ ló máa fà á fún ọkọ. Bí Awwal ò bá gbà, kò sí yìgì.

Àsìkò yẹn gan-an ni Awwal rí agolo fótó.

"Màámi, ojú kan náà ni gbogbo wọn! Gbogbo ọdún tí ẹ fi wà nílé bàbá mi, ọkùnrin yìí ló wà nínú àpótí yín?"

Mùtíátù jókòó sórí ẹní, ó tò wọ́n sílẹ̀.

"Ìwọ̀nyí ni mo rà nígbà tí mo wà lọ́mọge, kí ó tó wá tọrọ mi, tí bàbá mi sì kọ̀. Gbogbo ìyókù, bàbá rẹ ló rà wọ́n."

"Bàbá mi?"

"Òun ni. Wo èyí tí bọ́ọ̀lù wọlé yìí. Gbogbo ìlú ló ń bú ọmọkùnrin náà, wọ́n ń fa fótó rẹ̀ ya lójú títì. Bàbá rẹ ní àánú rẹ̀ ṣe òun, lòun fi rà á."

"Ṣé bàbá mi mọ̀ pé òun ló wá tọrọ yín?"

"N ò mọ̀. Wọn ò bi mí rí, èmi náà ò sọ. Wọ́n á kàn gbé e síwájú mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, 'Gba ọ̀rẹ́ rẹ.' Mo fẹ́ràn bàbá rẹ, Awwal. Mi ò fi ìdajì ọkàn bá wọn gbé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ. Ilé yìí dákẹ́ jù fún mi."

Awwal mú fótó náà, ó wò ó pẹ́.

"Bàbá máa ń ra ọsàn tó ti ń jẹrà," ló wí nígbẹ̀yìn, "torí pé ìyá arúgbó ló ń tà á." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ ní kí wọ́n wá lọ́jọ́ Jímọ̀."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, Mùtíátù wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin, ó ń gbọ́ ohùn Awwal níta, tó ń sọ pé òun fa ìyá òun fún Tàjùdíìnì. 

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé kókó gbígbóná àti wàgáṣì díndín, ìyẹn wàrà, síwájú ọkọ rẹ̀. Ó bu ṣúgà sí ṣíbí, ó wá dúró.

"Bọ̀dá Tàjù, ṣé ẹ máa ń fi ṣúgà sí i?"

"O ò mọ̀ ni?"

"Ibo ni n ó ti mọ̀ ọ́n? A ò jẹun pọ̀ rí."

Tàjùdíìnì wò ó. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan súnmọ́ tirẹ̀, ó fọwọ́ nu eruku orí rẹ̀ kí Mùtíátù lè jókòó.

"Rọra máa dà á sí i, Àbẹ̀kẹ́ mi. Tó bá tó, màá sọ fún ẹ."