Ọkọ Mìsítúrà Kì Í Fẹ́ Rí Ará Ìwó

Ilé tí Bàrákàt wọ̀ ní Peckham lọ́sàn-án Sátidé yẹn ń rùn káńfọ̀. Kì í ṣe káńfọ̀ inú àpótí aṣọ o. Èyí tutù, ó mú, irú èyí tí wọ́n máa ń lọ̀ mọ́ òwú kí wọ́n tó fi aṣọ funfun wé òkú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa imú bí ajá, ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé àárẹ̀ ni.

Àárẹ̀ náà kúkú wà. Hull ló ti ń kàwé, lọ́hùn-ún lókè pátápátá, ilẹ̀ ò sì tíì mọ́ tí wọ́n fi gbéra. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ló háyà bọ́ọ̀sì pé kí wọ́n lọ wo London fún ọjọ́ kan, kí wọ́n sì padà lálẹ́. Àwọn yòókù lọ wo ààfin àti afárá. Bàrákàt ní tirẹ̀, ẹrù ló gbé lọ Peckham. Àwa náà! Ọmọ ò ní tíì mọ ibi tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sí nílẹ̀ òyìnbó tí a ó ti sọ ọ́ di ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìyá kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ti ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn ló di irú àti ẹja àrọ̀ sínú ọ̀rá, ó ní kó bá òun fún àbúrò òun ní London. "Kò kúkú jìnnà síbi tó ò ń lọ," ni ìyá náà wí. Kò jìnnà! Gbogbo inú bọ́ọ̀sì ló fọwọ́ bomú dé ibùdókọ̀ Victoria ní London, ojú sì ń ti ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni tó só.

Mìsítúrà, àbúrò ọ̀hún tó ni ilé, fà á wọlé. Obìnrin tó sanra, tó yáyì, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Jókòó jàre, ọmọ Ìbàdàn. Wò ó bó o ṣe gbẹ bíi panla! Ṣé wọn ò fún yín lóúnjẹ ní school yẹn ni?"

"Wọ́n ń tà á, Àǹtí. Àwa la ò lè jẹ ẹ́."

Mìsítúrà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àmírà, ọmọ rẹ̀ kékeré, wá fimú kan ọ̀rá náà, ó fò sẹ́yìn. "Mummy, it stinks, man!"

"Òórùn ìran bàbá ẹ nìyẹn. Lọ jókòó."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé orí lé èjìká, ó sì di ojú òsì. Ara Bàrákàt bù máṣọ. Bí òun náà ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nìyẹn láti kékeré, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín báyẹn. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti mú un.

Ó gbójú lọ sára ògiri kí ojú rẹ̀ lè sinmi. Fọ́tò ìgbéyàwó kan wà níbẹ̀. Mìsítúrà nìkan ló dá dúró nínú rẹ̀ pẹ̀lú léèsì.

"Ò ń wá ọkọ mi?" ni Mìsítúrà wí. "Wọn kì í ya fọ́tò. Kí n má parọ́ fún ẹ, ìwà wọn yàtọ̀. Ará Ìwó ni wọ́n, àmọ́ wọn ò fẹ́ fojú kan ará Ìwó. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ará Ìwó kan wà ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà jáde. Mo ní, Daddy Àmírà, ṣé ewúrẹ́ ọba lẹ jí gbé ni?"

Bàrákàt kò rẹ́rìn-ín. Ìwó ni wọ́n bí òun náà sí. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú ni ìyá rẹ̀ kó wọn lọ sí Ìbàdàn. Ó lanu láti sọ ọ́, ó tún pa á dé. Ìtàn gígùn ni, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Ẹnìkan gun àtẹ̀gùn bọ̀ níta. Kò kan ilẹ̀kùn, ó kọ́kọ́ wú ikọ́ díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún wú u. Bí wọ́n bá jí Bàrákàt lójú oorun, á mọ ikọ́ yẹn.

Ọkùnrin náà wọlé. Sàká ni Mìsítúrà mọ orúkọ rẹ̀ sí. Ní Ìwó, Làmídì káfíńtà, bàbá Bàrákàt, ni wọ́n ń pè é, ọdún tí Bàrákàt wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n sì gbé e wọ kòtò. Bàrákàt wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Ọwọ́ òsì tó di ilẹ̀kùn mú yìí kò ní ìka tó kéré jù, ayùn ló gé e kí wọ́n tó bí Bàrákàt.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ẹ̀rù tó wà lójú bàbá náà ju ti ọmọ lọ.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ nípa àkúdàáyà rí: ẹni tó kú láìtó ọjọ́, tó lọ sí ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń bímọ, tó ń jẹ ìyókù ọjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó sin ín bá rí i, tí àwọn méjèèjì sì jẹ́wọ́ ara wọn pẹ̀lú ẹnu, ó tán nìyẹn. Á lọ, kò sì ní padà mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Bàrákàt ní yunifásítì á pè é ní àlọ́. Kí wọ́n wá jókòó sórí àga yẹn.

Àmírà ti sáré gun itan bàbá rẹ̀. Bàrákàt wo ọmọ náà. Bí òun bá pe ọkùnrin yìí ní bàbá, ọmọ yìí ò ní bàbá mọ́. Ó mọ bó ṣe ń rí. Ó mọ bí ìyá èèyàn ṣe ń jí lóru tí á máa ká aṣọ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ̀ ọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Uncle," ló wí.

"O ṣé o." Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí òwú. "Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Abẹ́òkúta, sà."

Mìsítúrà gbójú sókè. "Ẹ̀n-ẹ́n? Mo rò pé Ìbàdàn ni."

"Ìbàdàn là ń gbé, Àǹtí. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí wa sí."

Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Bàrákàt jẹ ẹ́, kò mọ ohun tó jẹ. Inú ń bí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́! Ìyá rẹ̀ ń fi orí ru garawa irú lọ sí ìsọ̀ lójoojúmọ́ ní Ìbàdàn, Làmídì sì wà ní Peckham, ó ń fi tìmùtìmù sẹ́yìn, ó ń bá ọmọ rẹ̀ mìíràn ya ẹja inú ìwé. Ọkùnrin! Ikú pàápàá kò ní kó má tún ìyàwó fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà rọra ti ẹran inú àwo tirẹ̀ sínú àwo Bàrákàt láìwo ojú rẹ̀, ìbínú náà di omi lójú rẹ̀, ó sì tẹrí ba kí wọ́n má bàa rí i.

Nígbà tó yá, ó dìde. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, bó ṣe máa ń tètè ṣú nígbà òtútù. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n máa lọ, bọ́ọ̀sì wa ò ní dúró dè mí."

"Daddy Àmírà, ẹ ṣàdúrà fún un. Ọ̀nà ẹ̀ jìn."

"Kó máa lọ. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ."

"Ṣé àdúrà nìyẹn? Ọmọ ọlọ́mọ gbé ẹrù wá láti Hull! Ẹ ṣe é dáadáa jàre."

Bàrákàt kúnlẹ̀. Kí ló fẹ́ ṣe? Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó bẹ Ọlọ́run fún ọ̀nà, fún ìwé, fún ọkọ rere. Ẹni tó bá ti ṣàdúrà rí mọ̀ pé ẹnu máa ń gba ọ̀nà tó ti mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ gbogbo àárọ̀ tí Bàrákàt fi ń lọ ilé ìwé ni bàbá rẹ̀ ti ṣe àdúrà yìí fún un, tó sì fi oríkì rẹ̀ parí.

"O ò ní bọ́ sọ́wọ́ aburú, Àbẹ̀kẹ́."

"Àmín, Bàbá mi."

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi ahọ́n rẹ̀ léèrè. Ọkùnrin náà sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ ti rọ̀, bí ẹni tó ti ń sáré láti ọjọ́ pípẹ́ tí wọ́n wá ní kó jókòó.

Mìsítúrà ò mọ nǹkan kan. Ṣé gbogbo àgbàlagbà kọ́ là ń pè ní bàbá? "Ó yá, ẹ sìn ín dé bus stop."

"Àǹtí, rárá!" Bàrákàt fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. "Mo mọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí Uncle sinmi, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí àlejò dá jáde nílé mi bí ẹni tó jalè? Wọ́n ń lọ. Ẹ wọ kóòtù yín."

Ọkùnrin náà kò wọ kóòtù. Ó gbé Àmírà, ó fi imú kan ọrùn rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀.

Wọ́n rìn gba Rye Lane láàárín àwọn tó ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àwọn tó ń ta irun. Oníwàásù kan ń fi ẹ̀rọ pariwo. Kò sẹ́ni tó fi èjìká gbá bàbá náà, bẹ́ẹ̀ èrò pọ̀ bí eèrà.

"Bàbá, ẹ padà. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

"O ti ṣe àmín ná."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá sọ́dọ̀ wa? Ẹ rìn dé ibí!"

"Ilé tí wọ́n ti sunkún ẹni, Àbẹ̀kẹ́, kò ṣeé wọ̀ mọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ ohùn ìyá rẹ."

Bọ́ọ̀sì Victoria dé. Bàrákàt wọ̀ ọ́, ó sì yíjú padà láti juwọ́. Ibi tí bàbá rẹ̀ dúró sí ṣófo, àwọn èèyàn sì ti ń gba ibẹ̀ kọjá.

Wọn ò tíì dé Camberwell tí fóònù rẹ̀ fi dún.

"Bàrákàt, ṣó o ti rí bus? Daddy Àmírà ò gbé fóònù dání. Sọ fún wọn kí wọ́n ra mílíìkì bọ̀." Ọmọ kan ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀: "The blue one!" "Ó ní aláwọ̀ búlúù."

Bàrákàt wo ojú fèrèsé. Bọ́ọ̀sì Hull yóò lọ láìsí òun. Ó tẹ agogo, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ra mílíìkì náà, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn padà. Ó gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó. Kò tíì kan ilẹ̀kùn tí Mìsítúrà fi ṣí i.

Obìnrin náà gba mílíìkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọrùn kọjá èjìká Bàrákàt, ó ń wo àtẹ̀gùn nísàlẹ̀.

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn, àbí?"