Iná Yàrá Ọmọ Mi

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní onírọ́, kó kọ́kọ́ wá gun àkàbà, kó yọjú sókè àjà ilé mi, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kan wáyà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kó wá sọ̀rọ̀. Mi ò mutí. Mi ò sì tíì ya wèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ku díẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ló gbé iná sólà wọ ilé wa. Òun nìkan ni mo bí. Iṣẹ́ tó kọ́ nìyẹn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí òrùlé tí kò tíì gùn ní àdúgbò. Nítorí bàbá rẹ̀ ló ṣe gbé e wá. Àtọ̀gbẹ ń bá ọkọ mi jà, oògùn tí wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ láràárọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ gbóná. Tó bá ti gbóná, omi lásán ni. Iná ìjọba ní tiẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, àlejò tó ń yà nígbà tó bá wù ú ni.

Ó gbé páńẹ́ẹ̀lì kan sórí òrùlé, ó gbé bátìrì kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó kan àpótí kékeré kan mọ́ ògiri, èyí tó ń ṣọ́ bátìrì náà. Iná tíńtín kan wà lára rẹ̀, aláwọ̀ ewé bí bátìrì bá yó, pupa bí ebi bá ń pa á. Fíríìjì kan tí kò ju páálí bàtà lọ ló fi síbẹ̀ fún oògùn bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń na wáyà sí yàrá kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé kò ní gbé wa?" ni mo bi í.

"Fólítì méjìlá péré ni, Ìyá Paná. Kò lágbára àtigbé eṣinṣin."

Ìyá Paná lorúkọ tó sọ mí. Láti kékeré rẹ̀ ni mo ti ń pariwo mọ́ ọn pé ẹni tó bá ń jáde ní yàrá, kó paná. Bó bá ti wá ń jáde báyìí, á pa á, á sì fi ìka gbá ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìsì, kó, kó, kí n lè gbọ́ níbi tí mo wà. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Yàrá tirẹ̀ ló fi ṣe ìkẹyìn. Ó ní ẹni tó ń bu oúnjẹ kì í kọ́kọ́ bu tirẹ̀. Ó ti so gílóòbù, ó ti kan súìsì, ṣùgbọ́n wáyà tó yẹ kó lọ bá bátìrì, ó ká a jọ sókè àjà, ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la yẹn ni ara rẹ̀ gbóná. A pè é ní ibà. Kí a tó mọ̀ pé ó ju ibà lọ, wọ́n ti ń sọ fún mi ní ilé ìwòsàn pé kí n wá ibì kan jókòó sí. Ọmọ mi ti kú.

Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tó pa òwe yẹn, bóyá kò bímọ.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń wá kí wa dín kù, ilé wá pa lọ́lọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń ṣa ife nílẹ̀ ní pálọ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú. Mo rí iná lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Tẹ́ẹ́rẹ́. Funfun.

Mo rò pé iná mọ́tò ni. Mo dúró kó kọjá. Kò kọjá. Mo ṣílẹ̀kùn. Gílóòbù náà ń tàn. Bẹ́ẹ̀dì wà bó ṣe fi í sílẹ̀, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ohùn kankan, àfi fíríìjì tó ń kùn ní ilé ìdáná. Òórùn ìpara rẹ̀ gba gbogbo yàrá.

Mi ò sá. Kí ni mo fẹ́ sá fún? Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Bó ṣe ń rí nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ká má purọ́, inú mi ń dùn sí i. Mo máa ń tètè parí iṣẹ́ kí n lè lọ jókòó. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá mọ́, iná pupa ni màá bá lára àpótí. Fíríìjì á ti dákẹ́. Ìgò oògùn á gbóná lọ́wọ́ mi bí omi tó wà nínú oòrùn.

Ẹsẹ̀ ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Egbò tó ti ń san tún ṣí.

Mo ránṣẹ́ sí ọkùnrin tí òun àti ọmọ mi jọ kọ́ṣẹ́. Wáyà là ń pè é, torí bó ṣe tín-ín-rín. Ó yẹ páńẹ́ẹ̀lì wò, ó pààrọ̀ bátìrì. Tuntun náà kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó padà wá, ó gun òkè àjà lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Mà, wáyà yàrá yẹn ṣì wà ní kíká. Ẹnu rẹ̀ ò kan nǹkan kan."

"Mo mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ń mu bátìrì yín láti ibẹ̀."

"Tú u, kó lè dúró."

"Ohun tí wọn ò so, mà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u."

Kò mu omi tí mo gbé fún un. Ó ṣa irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Mo ti rò pé ọkọ mi kò mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó pè mí láti orí àga rẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi. Ó ti tàn, àbí?"

Mo tún ìrọ̀rí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tò.

"Mò ń rí i lábẹ́ ilẹ̀kùn. Jẹ́ kó máa tàn."

"Oògùn yín ńkọ́?"

"Mo ti gbó. Ọmọdé lòun."

"Ó ti kú, Bàbá ọmọ mi."

"Ṣé mo ní kò kú ni? Mo ní kó máa tàn."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Inú bí mi. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí ọmọ, inú bí mi sí Ọlọ́run pàápàá, kó dárí jì mí. Ọmọ tó gbé iná wọlé kí bàbá rẹ̀ má bàa kú, òun náà ló ń mu ún tán. Bóyá kò mọ̀. Bóyá òkùnkùn ibi tó wà ló pọ̀ jù.

Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Mi ò wọlé. Tí mo bá wọlé, mi ò ní lè sọ ọ́.

"Ọmọ mi," ni mo wí. "Bàbá rẹ ń kú lọ. Ẹni tó bá ń jáde, kó paná."

Fíríìjì ń kùn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ súìsì.

Òkùnkùn dé. Ògiri dún. Kó, kó.

Láti ìgbà náà, aláwọ̀ ewé ni iná àpótí láràárọ̀. Oògùn ń tutù. Egbò ọkọ mi ti jinná, ó ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu géètì. Kì í fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á kàn kọjú àga rẹ̀ sí ilẹ̀kùn yẹn.

Mo bẹ Wáyà kó padà wá. Mo ní kó gbé páńẹ́ẹ̀lì kejì kún ti àkọ́kọ́, kí iná lè tó gbogbo wa, kó sì so wáyà yàrá náà dáadáa. Ó so ó. Ó fi tẹ́sítà kàn án, ó ní iná ti dé ibẹ̀. Ó tẹ súìsì. Kò tàn. Ó pààrọ̀ gílóòbù. Kò tàn. Gílóòbù kan náà, nígbà tó gbé e dé pálọ̀, ó tàn wàà.

"Kò yé mi, mà," ni Wáyà wí.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń lọ sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo ti sọ fún un pé iná ti pọ̀ nílé báyìí, kó tan án, Ìyá Paná fúnra rẹ̀ ló ní kó tan án. Màá wá gbé etí lé ògiri. Kò dún mọ́.

Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Mo ní kó pa á, ó sì pa á.