Alhaja Raudah Gbé Kúlà Wá Gba Ilé Ọmọ Àbúrò Rẹ̀

Ọ̀kadà kò tíì dúró dáadáa ní ẹnu géètì ilé ìwòsàn tí Alhaja Raudah fi bọ́ sílẹ̀. Kúlà tó fi ń ta sóbò ní Post Office ló gbé rù sórí, yìnyín kún inú rẹ̀.

"Alhaja, ẹ fún mi ní sóbò tútù kan," ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wí.

"Kò sí sóbò ńbẹ̀. Ẹran ara àbúrò mi ni mo wá fi gbé."

Ẹ̀ṣọ́ náà la ẹnu sílẹ̀. Kí ó tó pa á dé, Raudah ti wọlé.

Ummu-Kulthum, àbúrò rẹ̀, wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá tipẹ́, àfi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ṣàdédé tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá jẹjẹrẹ nínú ilé ọmọ rẹ̀. Dókítà Tẹniọlá tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kò tíì tàn káàkiri, kí wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ yọ ilé ọmọ náà. Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ abẹ ọ̀hún.

Dókítà wá bi í ní ìbéèrè kan: ṣé ó lè fún wọn ní díẹ̀ lára ohun tí wọ́n bá yọ, kí àwọn tó ń ṣèwádìí nípa jẹjẹrẹ ibi ìbímọ obìnrin fi kẹ́kọ̀ọ́? Kàkà kó dáhùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pè lórí fóònù. Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn.

"Kúlú, dìde, kó ẹrù rẹ!" ni Raudah ń pariwo. "Mo gbọ́ ọ lórí Wasaapu, wálàhì! Wọ́n ń ta ilé ọmọ ní òkè òkun. Bí wọn ò bá ní í gbé e sínú kúlà yìí fún wa, à ń lọ sí Òkè-Óyì nìyẹn. Àgbo wà níbẹ̀."

Ẹ̀rù ba Ummu-Kulthum. Ó ti ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí Dókítà Tẹniọlá wọlé.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Kín ló wà nínú kúlà?"

"Yìnyín. Ẹ̀yin lẹ máa fi ìyókù sí i."

Dókítà gbé ẹ̀rín mì, ó fa àga fún un.

"Alhaja, ohun tí a bá yọ lára aláìsàn, yàrá àyẹ̀wò la ń gbé e lọ, kí a lè mọ ibi tí àìsàn rìn dé àti ìtọ́jú tó kàn. Èyí tí a ń tọrọ fún ìwádìí, díẹ̀ ni. Kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ."

"Ẹ̀wà olóyin àbí ẹ̀wà funfun?"

"Olóyin, mà."

Raudah ronú sí i. "Wọ́n á kọ orúkọ Kúlú sí i lára, ayé á wá mọ̀."

"Rárá. Nọ́ńbà la ó kọ sí i. Àwọn tó ń ṣèwádìí kò ní mọ ẹni tó ni ín."

"Bó bá ní òun ò fún yín ńkọ́? Ẹ ò ní fi ọ̀bẹ bínú sí i lọ́la?"

"Ìtọ́jú wọn kò ní yí padà rárá. Wọ́n lè gbà, wọ́n lè kọ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà lónìí, tí ọkàn wọn wá yí padà, kí wọ́n sọ fún wa."

"Kín wá ni èrè tirẹ̀ ńbẹ̀?"

"Ó lè má sí fún àwọn fúnra wọn. Ṣùgbọ́n bí a kò bá kẹ́kọ̀ọ́ nípa jẹjẹrẹ tó ń mú àwọn obìnrin ìlú wa, báwo la ó ṣe mọ oògùn tó máa ṣiṣẹ́ lára àwọn ọmọ wa?"

"A ò fún yín!" ni Raudah wí.

Ummu-Kulthum padà jókòó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Láti kékeré lẹ ti ń bá mi dáhùn ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Eléyìí, ara mi ni. Mo bí ọmọbìnrin. Nítorí ọmọ mi, mo gbà kí wọ́n mú díẹ̀."

Raudah tẹjú mọ́lẹ̀.

"Dókítà, mo ní ọ̀rẹ́ kan," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Nǹkan oṣù tiẹ̀ náà ti dá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti túnu ààwẹ̀ tó kọjá, ó ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú ń tì í láti sọ."

"Kí wọ́n má jókòó sílé o. Kì í ṣe gbogbo irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló yẹ ká yẹ̀ wò. Ṣé ìtòsí ni wọ́n wà?"

"Ó wà nínú yàrá yìí."

Ummu-Kulthum na ọwọ́, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

Wọ́n yẹ Raudah wò. Inú ilé ọmọ rẹ̀ ti ń nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ. Wọ́n tètè tọ́jú rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ Ummu-Kulthum náà yọrí sí rere, ó ti padà sílé, ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò.

Nígbà tí wọ́n tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ Raudah náà fún ìwádìí, lára ohun tí wọ́n yọ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Kúlú ti fún yín ní ti ìdílé." Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tọ́jú àbúrò rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá, ẹ má fi bò, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Bí wọ́n bá sì tọrọ díẹ̀ lára ohun tí wọ́n yọ fún ìwádìí, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àti bí wọn yóò ṣe bo orúkọ yín láṣìírí. Kí wọ́n ka ìwé ìfọwọ́sí fún yín ní èdè tó yé yín. Bí ọkàn yín bá ń kọminú nítorí ẹ̀sìn, ẹ bi alfa tàbí pásítọ̀ yín. Ẹ lè gbà, ẹ lè kọ̀. Ìtọ́jú nìkan ni kí ẹ má kọ̀.