Ìlà Pupa Tí Ọwọ́-Yá Pa

"Ẹ̀rọ yìí fẹ́ pa mí lónìí!"

Ọwọ́-Yá ni wọ́n ń pe obìnrin tó pariwo bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́, torí bọ́tìnnì kì í sinmi lábẹ́ ìka rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn nọ́ọ̀sì yóò fi máa ṣírò oògùn àwọn ọmọdé ló ń kọ. Agogo méjìlá ọ̀sán ni ilé ìwòsàn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, agogo mọ́kànlá sì ti kọjá. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

Alábòójútó kóòdù, irinṣẹ́ kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ló ń bí i nínú. Iṣẹ́ irinṣẹ́ náà ni láti máa ka ohun tí èèyàn ń tẹ̀, kó sì fa ìlà pupa sábẹ́ ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó. Ṣùgbọ́n bí Ọwọ́-Yá bá ti tẹ lẹ́tà kan, ojú kọ̀ǹpútà á dákú.

"Mo ti pa á," ó sọ fún ọ̀gá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kí n lè rímú mí."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Àbúrò, torí ajá ń gbó jù, o wá lé e kúrò nílé? Tan án."

"Ẹ ẹ̀ rí aago ni, ọ̀gá? Èmi tí mi ò ṣàṣìṣe látọdún tó kọjá!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tan án."

Ó pòṣé, ó tan án. Wọ́n dúró títí. Ìlà pupa kan yọ: ètò náà ń béèrè bí ọmọ ṣe wúwo tó, ṣùgbọ́n kò lo ìdáhùn náà níbì kankan. Ìwọ̀n oògùn àgbàlagbà ló ń ṣírò fún ọmọ ọwọ́.

Ọwọ́-Yá rántí. Ó fẹ́ pa ìlà kan rẹ́ nínú ohun tó kọ láàárọ̀, ojú kọ̀ǹpútà kò mira, ló bá tún tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ náà. Ìlà méjì ló lọ, èyí tó ń lo ìwọ̀n ọmọ sì wà nínú rẹ̀.

Fóònù dún. Ilé ìwòsàn ni. "Ṣé ó ti yá?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní wákàtí kan sí i." Ọwọ́-Yá ló ń bẹ̀ wọ́n.

"Fáìlì mélòó lo ní?" ọ̀gá bi í.

"Ẹgbẹ̀rún méjì."

"Gbogbo rẹ̀ ni alábòójútó yìí ń tún kà bí o bá tẹ lẹ́tà kan. Omi dà sílẹ̀ ní yàrá, o wá ń nu gbogbo àdúgbò?"

Ọ̀gá fi bí wọ́n ṣe ń to alábòójútó náà hàn án: kó dúró títí ìka yóò fi sinmi, kó ka fáìlì tí wọ́n fọwọ́ kàn àti àwọn tó gbára lé e nìkan, kó máa rántí èsì àwọn yòókù. Ọwọ́-Yá dá ìlà tó sọnù padà. Kó tó mí, ìlà pupa ti lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò, bí àyẹ̀wò bá ń falẹ̀, ẹ tún un ṣe, ẹ má pa á. Kó máa ka ohun tó yí padà bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kó sì ka gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ọmọ tí yóò mu oògùn náà kò mọ̀ pé ẹ̀ ń kánjú.