Ìdí Igi Tí Sìmẹ́ńtì Dí

Bí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, abẹ́ igi ńlá tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni gbogbo àdúgbò máa ń sá wá. Àwọn àgbà á máa jiyàn, oníbàárà á máa retí aṣọ, aránṣọ náà á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síta, á máa ránṣọ lọ ní tirẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù onípáànù yẹn kò ṣeé jókòó sí. Bí inú ààrò ló rí.

Lọ́dún yìí, igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé. Ẹ̀ka kan gbẹ, ó já, ó sì lu òrùlé onígbàjámọ̀ tó múlé tì wọ́n. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, kò ba ẹnikẹ́ni. Alága àdúgbò pe ìpàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé ní Sátidé, wọn yóò gé igi náà.

"Igi ti darúgbó," ni ọkọ aránṣọ wí nígbà tó délé. Bíríkìlà ni. "Kí la tún fẹ́ ṣe sí i?"

Ẹ̀rù ń ba aránṣọ, nítorí bí igi bá lọ, ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ nìyẹn. Ó pe àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin lórí fóònù, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ni nípa igbó àti igi inú ìlú ní yunifásítì.

"Ọkọ mi Adúmáadán," ló wí, "ẹ wá gbà mí o."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò wo òkè rárá, ìdí igi ló kọ́kọ́ wò. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n dà yí i ká, tó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, tó ń dán.

"Ìyàwó wa, ta ló ṣe èyí?"

Bíríkìlà gbáyà jáde. "Èmi ni, lọ́dún tó kọjá. Ọ̀fẹ́ ni mo ṣe é fún àdúgbò. Kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí."

"Bọ̀dá mi, iṣẹ́ yín dára. Àmọ́ ẹ ti fi dí igi nímú."

"Igi ló ní imú?"

"Gbòǹgbò rẹ̀ ni imú rẹ̀, òun náà ni ẹnu rẹ̀. Òjò ń rọ̀, omi ń gba orí sìmẹ́ńtì lọ sí gọ́tà. Bí wọ́n bá dí yín lẹ́nu, tí wọ́n dí yín nímú, ṣé ẹ̀yin náà kò ní gbẹ?"

Alága ti dé bá wọn níbẹ̀. "Bí ẹ̀ka mìíràn bá já lu ọmọ ẹni ńkọ́?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n yí igi náà ká, ó ń fi òòlù kékeré lù ú, ó ń tẹ́tí sí i. "Òótọ́ lẹ sọ, Alága. Igi tó bá ti jẹrà nínú, gígé ló yẹ ẹ́. Eléyìí ṣì le. Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú igi wá gé ẹ̀ka tó gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má gùn ún fúnra rẹ̀. Kí a fọ́ sìmẹ́ńtì yìí kúrò, kí omi lè ráyè wọlẹ̀."

Ó dun bíríkìlà. Iṣẹ́ tó fi ń yangàn ni. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń fa ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ̀lé ìwọ̀nba òjìji tó kù. Ó wọlé, ó gbé òòlù ńlá jáde.

"Èmi tí mo dà á náà ni màá fọ́ ọ," ló wí.

Alága gbà kí wọ́n má gé igi náà mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì wá gé ẹ̀ka tó gbẹ. Nígbà tí òjò padà dé, igi náà rúwé. Alága ti ń sọ fún àlejò pé òun lòun gbà á là. Aránṣọ kì í jà á níyàn, ẹ̀rín ló ń rín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí bíríkìlà bá òun fi sìmẹ́ńtì dí ìdí igi, èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀: "Ẹ kọ́kọ́ fi dí imú yín wò ná."

Ẹ̀yin ará, ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ yí igi ká kó lè mumi. Ẹ má sun pàǹtírí sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́lé tàbí kí ẹ la ọ̀nà, ẹ ti yan ibi tí igi máa wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ilẹ̀ tí ìlú fi sílẹ̀ fún igbó. Bí igi yín bá ń gbẹ, ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Kí ẹ tó gbé ayùn, ẹ wo ìdí rẹ̀ ná.