Mọ́tò Tí Mo Da Lọ́fínńdà Sí

Họ́ọ̀nù mọ́tò ló lé mi jáde ní balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọṣẹ ṣì kún etí mi. Kò sẹ́nì kankan nínú mọ́tò ọ̀hún, àmọ́ ó ń ké bí ewúrẹ́ tó ń wá ọmọ rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn mi ló ra mọ́tò àlòkù náà ní ọ̀pọ̀, pé òun á tún un ṣe, òun á sì tà á. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá tún iná ṣe lónìí, wáyà míì á jó lọ́la. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni olùkọ́ àdúgbò wa sì fẹ́ wá gbé e, kó lè máa fi kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin lọ síléèwé.

Ara mi ò lélẹ̀. Mo jókòó, mo dìde. Ọmọ mi ń yí mọ́tò po bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀. La bá pe obìnrin tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe.

Bó ṣe wọnú mọ́tò, ó sín. "Ta ló da lọ́fínńdà síbí?"

"Èmi ni. Ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi."

"Ẹ̀yin lẹ bo àṣírí mọ́lẹ̀ nìyẹn, Màmá!" Ó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá. Ẹrẹ̀ gbígbẹ! Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹrẹ̀ tún ni. "Omi ti bo mọ́tò yìí rí. Wáyà rẹ̀ ti ń jẹrà lábẹ́. Ó lè kú lójijì lórí eré, ó sì lè gbiná."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀," lọmọ mi wí. "Olùkọ́ ti ń bọ̀."

Lóòótọ́, olùkọ́ àtàwọn ọmọ rẹ̀ ti dé. Àwọn ọmọ ti ń jà nítorí ẹni tó máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Mo fi ìdí mi ràbàtà dí ilẹ̀kùn mọ́tò. "Olùkọ́, mọ́tò yìí ti rì sómi rí. Èmi ni mo fi lọ́fínńdà bò ó."

Ọmọ mi dorí kodò. Ó ní, "Òótọ́ ni, sà. Mi ò tà á mọ́." Táyà àti ilẹ̀kùn rẹ̀ nìkan ló padà tà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra mọ́tò àlòkù, ẹ mú ẹni tó mọṣẹ́ dání kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ fa bẹ́líìtì, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ara mọ́tò bá tinú ìwé rẹ̀ mu. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tà á, ẹ sọ gbogbo ohun tójú rẹ̀ ti rí fún ẹni tó fẹ́ rà á. Tó bá ń rùn, ẹ wádìí ohun tó ń rùn. Ká má tún rí ẹlòmíì tó máa da lọ́fínńdà sórí ẹrẹ̀. Tèmi ti tó.